Ó Kú Bí Ẹyẹ Dodo

Ọ̀rọ̀ tí mo mú tọ̀ yín wá yìí, inú ìwé àròkọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ti bá a pàdé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ó gbé mi kọjá òkun, ó mú mi dé erékùṣù kan tí n kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rí, lẹ́yìn náà ó sì dá mi padà sí ẹ̀yìn odò ẹran ní ìlú wa.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọn yóò ṣe di tísà. Ní ọjọ́ kan, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ lẹ́tà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀rẹ́ wọn kan, kí wọ́n fi tó o létí pé bàbá àgbà wọn ti di olóògbé. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí ó fẹ́ràn àkànlò-èdè bí èèrà ṣe fẹ́ràn ṣúgà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá àgbà òun "has gone the way of the dodo." Ìtumọ̀ èyí ni pé bàbá náà ti gba ọ̀nà tí dodo gbà lọ. Mo fi gègé pupa fa ìlà sí i nídìí, mo sì pe ọmọ náà síwájú kíláàsì.

Mo ní, "Kí ni ìwọ ní lọ́kàn tí o fi kọ èyí?"

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rí i nínú ìwé pé bí nǹkan bá ti lọ tí kò ní padà wá mọ́, bí àwọn òyìnbó ṣe ń wí nìyẹn."

Mo ní, "Ó dára. Kí ni ń jẹ́ dodo náà?"

Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè. Kò rí èsì fọ̀. Ni ẹnìkan bá dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Sà, ṣebí ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín ni!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà kò sì lè mú ẹ̀rín mọ́ra.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bi ara mi pé, èmi tí mo fa ìlà pupa yìí, kí ni mo mọ̀ nípa dodo ju pé ó ti kú lọ? Ọdún mélòó ni mo ti fi ń kọ́ ọmọ ní àkànlò-èdè yìí, tí n kò bèèrè ohun tí ó pa ẹyẹ náà? Ẹni tí ń fi òkú ṣe òwe, ó yẹ kí ó mọ irú ikú tí òkú náà kú. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀, kí ebi má baà gbà yín lọ́kàn. Dòdò tiwa, ohùn ìsàlẹ̀ ni a fi ń pè é: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó pọ́n, tí a gé, tí a sì dín nínú òróró. Ìyẹn kò parun, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí ó parun lójú wa. Dodo ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ohùn àárín ni a lè fi pè é lẹ́nu tiwa. Ẹyẹ ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí ibi tí orúkọ náà ti wá. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ àwọn Potogí ni, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ òmùgọ̀. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ àwọn ará Họ́láńdì ni. Èyí tó wù kó jẹ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fi ọ̀wọ̀ pe ẹyẹ náà.

Erékùṣù kan wà ní Òkun Índíà, ní ìlà-oòrùn Madagásíkà, tí à ń pè ní Mọ́rísì. Kò tó Ìpínlẹ̀ Èkó wa ní fífẹ̀. Iná abẹ́ ilẹ̀ ni ó gbé e jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, ènìyàn kò sì gbé ibẹ̀ rí láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Àwọn Potogí dé ibẹ̀ ní kété lẹ́yìn ọdún 1500, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́lé síbẹ̀. Nínú igbó rẹ̀ kò sí ológbò, kò sí ajá, kò sí eku, kò sí ọ̀bọ. Nínú gbogbo ẹran tí ń fún ọmọ lọ́mú, àdán nìkan ni ó wà lórí ilẹ̀ náà. Àwọn ìjàpá ńláńlá ń rìn kiri, alángbá ń sáré lórí òkúta, ẹyẹ sì pọ̀ lóríṣiríṣi. Láàárín wọn ni dodo ń gbé.

Ẹ má ṣe rò pé ẹyẹ abàmì kan ni. Ìbátan ẹyẹlé ni. Ní ọdún 1842, ọ̀mọ̀wé ará Dẹ́nmákì kan tí ń jẹ́ Reinhardt sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yẹ àmì ìran tí ó ṣẹ́ kù nínú egungun dodo wò, wọ́n sì rí i pé òtítọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Nínú àwọn ẹyẹ tí ó ṣì wà láàyè, ẹyẹlé kan tí ń gbé ní erékùṣù Nicobar àti àwọn erékùṣù mìíràn ní apá ìlà-oòrùn Éṣíà ni ó sún mọ́ ọn jù lọ.

Àwọn baba ńlá dodo fi apá ara wọn fò dé Mọ́rísì. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀ tí wọn kò rí ọ̀tá, tí èso igi sì ń já bọ́ sílẹ̀ níwájú wọn, níbo ni wọn ó tún máa fò lọ? Ìran dé ìran, ara wọn ń tóbi, apá wọn ń kéré, títí wọn kò fi lè fò mọ́. Dodo fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ìbàdí ènìyàn. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín kílò 10 sí 18. Ẹnu rẹ̀ tóbi, ó sì tẹ̀ kọdọrọ ní ṣóńṣó. Ilẹ̀ lásán ni ó ń yé sí, ìròyìn tí ó sì dé ọ̀dọ̀ wa ni pé ẹyin kan ṣoṣo ni ó ń yé lẹ́ẹ̀kan.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1598, àwọn ọkọ̀ òkun láti Họ́láńdì gúnlẹ̀ sí erékùṣù náà. Wọ́n fi orúkọ ọmọ aládé wọn, Maurice, sọ ọ́. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn wọ̀nyí rìn jìnnà, wọ́n sì rí ohun tí ojú kò rí rí: ẹyẹ ńlá tí ń rin gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ bọ̀ wá pàdé wọn, tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sá. Wọ́n fi ọwọ́ lásán mú un. Wọ́n sè é. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí àwọn ṣe ń sè é tó ni ó ń le tó, wọ́n sì pè é ní ẹyẹ tí ń rí ni lára. Ẹ ò rí i bí ayé ti rí: àlejò dé ilé onílé, ó pa onílé jẹ, ó tún ní kò dùn.

Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó sọ pé àwọn atukọ̀ ni wọ́n jẹ dodo tán. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn ará Họ́láńdì tí wọ́n tẹ ibẹ̀ dó ní ọdún 1638 kò pọ̀ rárá, igbó sì nípọn. Ohun tí ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú wọn láti inú ọkọ̀ ni kí á wò. Eku sọ̀kalẹ̀ láìsí ẹni tí ó pè é. Ẹlẹ́dẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ewúrẹ́ sọ̀kalẹ̀, ajá sọ̀kalẹ̀, ọ̀bọ náà sọ̀kalẹ̀. Ní ọdún 1639 wọ́n kó àgbọ̀nrín wá láti Jáfà. Eku, ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀bọ rí ẹyin kan ṣoṣo lórí ilẹ̀, tí kò sí igi tí a gbé e kọ́, tí kò sí ihò tí a fi í pamọ́ sí. Kí ni ẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀? Àwọn dodo àgbà ń rìn kiri nínú igbó, ojú ń rí wọn, ọkàn gbogbo ènìyàn sì balẹ̀ pé wọ́n ṣì wà. Ọmọ ni kò sí lẹ́yìn wọn. Bí ilé ṣe máa ń di ahoro nìyẹn: kì í ṣe ọjọ́ tí àgbà kú ni ó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí a kò gbọ́ igbe ọmọ ọwọ́ mọ́ nínú ilé ni.

Ní ọdún 1662, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Arnhem rì sínú òkun. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n yè, tí ń jẹ́ Volkert Evertsz, dé erékùṣù kékeré kan tí ó wà létí Mọ́rísì, ó sì rí dodo níbẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn gbá ọ̀kan mú ní ẹsẹ̀ tí ó fi igbe ta, àwọn yòókù sáré wá láti gba ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, àwọn sì mú àwọn náà. Nígbà tí mo ka ibí yìí, mo ti ìwé náà. Yorùbá ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ikú kó yẹrí. Dodo tí wọ́n ń pè ní òmùgọ̀, ìwà ẹyẹlé ni ó hù títí dé òpin. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ìròyìn Evertsz yìí ni ìgbẹ̀yìn tí ó dájú láti ẹnu ẹni tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí dodo láàyè. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì tún fi ìṣirò gbé e yẹ̀ wò ní ọdún 2003, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ìwọ̀nba díẹ̀ ti wà títí di nǹkan bí ọdún 1690. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: láti 1598 dé 1690, kò tó 100 ọdún.

Kò sí ẹni tí ó ṣọ̀fọ̀. Ní àkókò náà, àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù kò tilẹ̀ gbà pé ẹ̀dá kan lè parẹ́ pátápátá kúrò láyé. Ọdún 1796 ni ará Faransé kan, Georges Cuvier, fi egungun erin ayé àtijọ́ hàn wọ́n pé ohun tí ó wà rí lè ṣaláìsí mọ́. Kí ó tó di ìgbà náà, dodo ti lọ tipẹ́. Ọ̀kan tí ó gbẹ wà ní ilé ìṣúra kan ní Oxford, ṣùgbọ́n kòkòrò jẹ ẹ́. Ní ọdún 1755 wọ́n kó o dànù, orí kan àti ẹsẹ̀ kan ni ó ṣẹ́ kù. Àwọn kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé irọ́ àwọn atukọ̀ ni, pé kò sí irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ rí. Orí náà ṣì wà ní Oxford. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ yàwòrán inú rẹ̀ ní ọdún 2018, wọ́n bá ọta òjé kéékèèké nínú agbárí rẹ̀. Ìbọn ni wọ́n yìn ín.

Ta ni ó wá gba orúkọ dodo kúrò lẹ́nu àwọn tí ń sọ pé irọ́ ni? Inú mi dùn láti sọ fún yín pé tísà ni. George Clark ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní Mọ́rísì. Ó ti wá egungun dodo fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò rí i. Ní ọdún 1865, ó lọ sí àbàtà kan tí wọ́n ń pè ní Mare aux Songes, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ti ń wa ilẹ̀. Ó ní kí àwọn lébìrà wọ inú omi dúdú náà, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ wá a nínú ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn kan egungun. Egungun dodo ni.

Ní ọdún 1865 kan náà, olùkọ́ ìṣirò kan ní Oxford tí ń fi orúkọ Lewis Carroll kọ̀wé gbé ìwé ìtàn Alice jáde fún àwọn ọmọdé, ó sì fi dodo sínú rẹ̀, tí ó ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà. Tísà méjì yìí, ọ̀kan nínú ẹrẹ̀, ọ̀kan lórí tábìlì, ni wọ́n mú kí orúkọ dodo di mímọ̀ nílé lóko láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn èyí ni ó wá di àkànlò-èdè lẹ́nu wọn. Wọn a ní nǹkan kú bí dodo, tàbí kí wọ́n ní ó ti gba ọ̀nà tí dodo gbà lọ.

Báwo ni a ṣe ń lò ó? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Èkíní, ohun tí ó lọ tí kò ní padà ni a ń lò ó fún. Bí iná mànàmáná bá lọ láàárọ̀ tí ó sì ṣeé ṣe kí ó dé lálẹ́, kò tíì kú bí dodo. Èkejì, nǹkan ni a sábà ń lò ó fún: òfin, àṣà, ẹ̀rọ, èrò tí kò sí ẹni tí ó dì í mú mọ́. A kì í fi kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn. Ẹ̀kẹta, ẹ̀gàn díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ ń sọ pé ohun náà lọ́ra, pé kò bá ìgbà mu, pé ó yẹ kí ó lọ.

Ẹ̀gàn yìí ni n kò fara mọ́. Dodo kò lọ́ra. Ó bá ìlú rẹ̀ mu rẹ́gí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Kò sí ohun tí ó ṣe é títí àlejò fi kó eku àti ẹlẹ́dẹ̀ wọ ilé rẹ̀. Nígbà tí a bá ní nǹkan "ti gba ọ̀nà tí dodo gbà lọ," ó ń dún létí bí ẹni pé ẹyẹ náà fúnra rẹ̀ di ẹrù, ó gbé e rù, ó sì jáde nílé. Àkànlò-èdè náà sọ ibi tí òkú wà fún wa, ṣùgbọ́n ó fi ẹni tí ó pa á pamọ́.

Ní tiwa, Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan fún ohun tí ó bá lọ báyìí. A ní ó ti di àwátì. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: ohun tí a wá, tí a wá tì. Ọ̀rọ̀ tiwa kò sọ̀rọ̀ nípa òkú nìkan, ó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó jáde lọ wá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbà ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Lójú Yorùbá, ohun tí ó bá sọnù, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wá a.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí ó lọ ni ó di àwátì. Ẹ wo owó ẹyọ. Àwọn baba wa fi ná ọjà, wọ́n fi san ìdána, wọ́n ń kà á ní ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ méjì. Nígbà tí owó irin àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbilẹ̀, tí ìjọba wọn sì gbé ìgbìmọ̀ owó kalẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1912, ipò owó ẹyọ gẹ́gẹ́ bí owó ń lọ sópin. Ṣùgbọ́n ẹyọ ṣì wà lọ́wọ́ babaláwo àti lọ́rùn oníṣàngó, a sì ṣì ń fi ọ̀kẹ́ kàwé. Tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀ ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà lọ nígbà tí náírà dé ní ọdún 1973, síbẹ̀ ẹni tí ó bínú lónìí yóò ní òun kò ní fún ọ ní tọ́rọ́ kọ́bọ̀. Wáyà tí a ń tẹ̀ ní pósítọ́fíìsì lọ, fóònù sì gba ipò rẹ̀. Ìròyìn wá ń yára dé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irú àwọn wọ̀nyí, ẹ lè fi dodo ṣe àwàdà sí wọn bí ó bá wù yín. Ẹ̀dá abẹ̀mí ni kì í ní arọ́pò.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti pa màlúù ní odò ẹran, a kì í lọ wò. Ojú ọ̀run ni a ń wò. Igún yóò ti máa yí po lókè, àwọn kan yóò ti bà sórí páànù, wọn ó ká ọrùn sínú bí àwọn bàbá tí òtútù ń mú. A ń bẹ̀rù wọn díẹ̀, a sì ń fi orí pípá wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé kí á wò wọ́n dáadáa.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dodo yìí, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí odò ẹran kan náà ní àárọ̀ kùtùkùtù. Màlúù wà níbẹ̀, eṣinṣin wà níbẹ̀, lékèélékèé funfun ń rìn kiri. A dúró títí oòrùn fi mú. A kò rí igún kan. Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà pé ta ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí igún rí nínú wọn. Nínú gbogbo wọn, ọwọ́ méjì ni ó lọ sókè.

Kì í ṣe ìlú wa nìkan. Ní ọdún 2015, àjọ àgbáyé tí ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu gbé igún tí a mọ̀ sí ara ilé wa yìí sí ìpele tí ó kẹ́yìn kí ẹ̀dá tó parun nínú igbó. Májèlé ń pa wọ́n. Àwọn kan ń dọdẹ wọn fún orí àti ìyẹ́ wọn, láti tà fún àwọn tí ń fi ṣe oògùn. A gé àwọn igi ńlá tí wọ́n ń kọ́ ìtẹ́ sí. Ní Guinea-Bissau, láàárín oṣù díẹ̀ ní ọdún 2020, igún tí ó lé ní 2,000 kú, májèlé sì ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó dẹ́rù bà mí fún yín: ẹyin kan ṣoṣo ni igún yìí ń yé nínú ọdún. Ẹ rántí dodo.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé igún lásán ni, kí ó wo Índíà. Láti nǹkan bí ọdún 1990 lọ, igún bẹ̀rẹ̀ sí í kú níbẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé nínú 100 ní àwọn ẹ̀yà kan, kò ku 10. Oògùn ìrora kan tí wọ́n ń fún màlúù ni ó ń pa igún tí ó bá jẹ òkú màlúù náà. Nígbà tí igún kò sí mọ́, òkú ẹran dúró nílẹ̀, ajá ìgboro sì ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ewu àrùn dìgbòlugi tí ajá ń gbé kiri ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 2006, ìjọba Índíà fòfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn. Wọ́n wá ohun tí ó ń sọnù kí ó tó di àwátì. Ìyẹn ni ó yẹ kí á kọ́ lára wọn.

Àwọn àgbà wa kò sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Wọ́n gbà pé ẹbọ tí igún kò bá jẹ, ẹbọ náà kò tíì dà. Ohun yòówù kí ó jẹ́ ìgbàgbọ́ yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀: wọ́n fi èèwọ̀ ṣe ọgbà yí ẹyẹ tí kò lẹ́wà ká. Àwọn ará Họ́láńdì lè sọ pé kò sí ẹni tí ó kìlọ̀ fún àwọn. Àwa kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Òwe náà ṣì wà lẹ́nu wa. Ẹyẹ tí a fi ń pa á ni ó ń lọ.

Lónìí, Mọ́rísì, tí ó gba òmìnira ní ọdún 1968, gbé àwòrán dodo sí ara àmì orílẹ̀-èdè rẹ̀. Dodo wà ní apá kan, àgbọ̀nrín wà ní apá kejì. Onílé tí ó kú àti ẹran tí àlejò kó wá jọ di àmì náà mú. Ọlá ni wọ́n fi fún dodo, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán kì í yé ẹyin.

Mo padà sí kíláàsì lẹ́yìn gbogbo èyí, mo sì pe ọmọ tí mo fa ìlà pupa sí ìwé rẹ̀. Mo sọ fún un pé bàbá àgbà rẹ̀ kò gba ọ̀nà tí dodo gbà. Ẹni tí ó ní ọmọ, tí ó ní ọmọ-ọmọ tí ń kọ lẹ́tà nítorí rẹ̀, báwo ni yóò ṣe kú bí dodo? Mo ní bí Yorùbá ṣe ń wí ni pé bàbá kú, bàbá kù. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bi mí pé, "Sà, igún ńkọ́? Ta ni ó kù lẹ́yìn rẹ̀?"

N kò ní èsì fún un lọ́jọ́ náà. Bí igún bá ṣì ń bà sórí igi kan ní ìlú yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ lókò, ẹ má sì jẹ́ kí a gé igi náà. Ẹ mú ọmọ kan lọ́wọ́, kí ẹ fi hàn án, kí ẹ sì sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Ó dìgbà kan ná o.